Orúnkún Mi àti Ìwẹ̀ Ọmọ Tọ́lá

Ògo o! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ògo fún Ọba òkè! Ẹ tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dé Agbowó! Ògo fún Ọlọ́run tó ni ẹsẹ̀, tó ni orúnkún, tó ni gbogbo ara!

Ẹ ṣé. Ẹ jókòó. Èmi ò ní jókòó o. Arákùnrin tó ń gbé àga bọ̀ wá fún mi yẹn, Ọlọ́run á bù kún ọ, gbé àga rẹ padà. Ẹ wò mí dáadáa. Mo dúró! Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ nínú ìjọ yìí, ẹ mọ̀ pé ìjókòó ni mo fi ń kọrin, ìjókòó ni mo fi ń gbàdúrà. Tí wọ́n bá ní ká dìde ka Bíbélì, èmi á kàn gbé orí sókè bí ẹni pé mo dìde. Lónìí, mo dúró. Ẹ bá mi dúpẹ́!

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Káyọ̀dé. Ọmọ Iléṣà ni mí, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo ti ṣiṣẹ́, taípíìsì ni mí ní Sẹkitéríàtì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣé ẹ mọ àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ ayé àtijọ́ tí wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà wọn títí ẹni náà á fi sanwó? Bàbá bàbá mi ṣe iṣẹ́ yẹn. Èmi ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá di ẹni tí kò lè lóṣòó mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó ti di ẹ̀rín báyìí, ògo fún Ọlọ́run!

Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, orúnkún ọ̀tún á máa dún kà, kà, kà. Mo ní ọjọ́ orí ni. Nígbà tó yá, tòsì náà dá a lóhùn. Láàárọ̀, kí n tó lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti máa pe Jésù, mo sì ti máa pe ìyá mi tó ti kú. Tí mo bá wọ takisí lọ sí Dùgbẹ̀, wíwọlé kò le, jíjáde ni wàhálà. Dẹ́rẹ́bà á sọ̀ kalẹ̀, á máa fà mí láti iwájú, ẹni tó jókòó tì mí á máa tì mí láti ẹ̀yìn, bí ìgbà tí wọ́n ń yọ àpò ìrẹsì nínú ọkọ̀. Ojú á tì mí.

Kò sí ohun tí mi ò fi pa á. Ìpara tó ń ta bí ata, mo fi pa á. Omi gbígbóná, mo fi jó o. Ẹnì kan fún mi ní kápúsù kan tí kò ní orúkọ lára, ó ní òun lò ó, òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sáré. Lóòótọ́ ni ìrora náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n inú bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi bí iná, ojú mi sì wú. Mo kó o dà nù. Ẹ̀yin ará, ẹ má máa gba oògùn tí kò ní orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà kí ó jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń kọrin.

Ọmọ mi Káyọ̀dé ní, "Mọ́mì, ẹ kó kúrò ní Challenge, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Bódìjà." Bí mo ṣe kó lọ nìyẹn. Káyọ̀dé ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn. Ìyàwó rẹ̀, Tọ́lá, kò sí níbí lónìí, ìdí rẹ̀ ni mo sì ń bọ̀ wá sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó so èmi àti Tọ́lá pọ̀. Ìyá tó bí i kú kí ó tó ṣe ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé wa, gbogbo èèyàn ń yọ̀, òun ń sunkún. Mo fà á mọ́ra, mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Ọjọ́ tí o bá bímọ, ọwọ́ mi yìí ni màá fi wẹ̀ ẹ́. O ò ní wá ìyá tì." Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ tuntun. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ náà, á fi kànrìnkàn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ gbogbo oríkèé ara rẹ̀, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀. Obìnrin tí kò bá rí ẹni bá a wẹ ọmọ, ṣe ló máa ń dà bíi pé òun nìkan ló kù láyé. Mi ò fẹ́ kí Tọ́lá rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ò dé. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, ìjọ yìí bá wa gbà á. Nígbà tó yá, Ọlọ́run dá wa lóhùn! Tọ́lá lóyún! Ẹ bá mi yọ̀! Mo fẹ́ jó lọ́jọ́ náà, orúnkún ní irọ́ ni mò ń pa.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà, mo gbé àwo tánganran kan, mo fẹ́ gbé e lọ sí kíṣìnnì. Orúnkún mi yẹ̀. Mo ṣubú lulẹ̀ gbì! Wọ́n sáré wá, wọ́n gbé mi, kò sí ibi tó ṣẹ́ lára mi, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n àwo yẹn fọ́ yángá. Bí wọ́n ṣe ń gbé mi, àfọ́kù àwo yẹn ni mò ń wò. Mo ní nínú ara mi pé, "Ká ní ọmọ Tọ́lá ló wà lọ́wọ́ mi ńkọ́?" Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù bà mí. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ṣèlérí, oyún sì ń dàgbà.

Láti ọjọ́ tí mo ṣubú yẹn, Tọ́lá àti Káyọ̀dé ò jẹ́ kí n dìde mọ́. "Ẹ jókòó, Mọ́mì." Tí mo bá fẹ́ mu omi, "Ẹ jókòó, Mọ́mì." Tí mo bá fẹ́ yí tẹlifíṣàn, wọ́n á ti sáré yí i. Oúnjẹ bá mi lórí àga, bàtà bá mi lórí àga. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi! Mo ń fi í yangàn. Mo máa ń pe àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù, màá ní, "Ọmọ ń tọ́jú mi o, mi ò fọwọ́ kan nǹkan." Ikùn mi ń tóbi, ẹsẹ̀ mi ń tín-ín-rín, èmi ń dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ìrora ò lọ. Ó tún le sí i ni. Káyọ̀dé bá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò. Wọ́n ya fọ́tò eegun orúnkún mi. Dókítà náà, àgbàlagbà kan tó ní sùúrù, gbé fọ́tò náà síbi iná. Ó ní, "Màmá, eegun rírọ̀ kan wà tó dà bíi tìmùtìmù láàárín eegun itan yín àti eegun ojúgun. Ó ti jẹ. Ìdí nìyẹn tí eegun fi ń ha eegun."

Káyọ̀dé ò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Dókítà, ẹ bá wa pààrọ̀ ẹ̀. Mo ti kà nípa ẹ̀, wọ́n máa ń fi irin sí i. Màá ta mọ́tò mi." Ìfẹ́ ló ń mú ọmọ mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe ọ̀bẹ nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Oyún Tọ́lá ti yọ síta. Tí wọ́n bá là mí, ìgbà wo ni màá tó dìde? Ta ló máa wẹ ọmọ yẹn?

Dókítà fún mi ní bébà, mo nu ojú. Ó ní, "Ẹ má sunkún. Iṣẹ́ abẹ wà, ó sì dára fún ẹni tó bá kàn. Tiyín ò tíì débẹ̀. Ẹ lọ rí àwọn físíò wa. Ẹ dín ara kù. Oògùn tí mo bá kọ fún yín nìkan ni kí ẹ máa lò. Ẹ padà wá bá mi, ká wò ó." Mo pariwo ọpẹ́ débi pé nọ́ọ̀sì yọjú wò wá. Ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run!

Àwọn físíò ni àwọn tó ń fi ìdárayá tún ara ṣe. Obìnrin kan báyìí ló dá mi lóhùn níbẹ̀. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan orúnkún mi. Ó ní, "Màmá, ta ló ń bu omi fún yín nílé?"

Mo ní, "Ìyàwó ọmọ mi ni."

"Ta ló ń gbé oúnjẹ wá?"

"Ìyàwó ọmọ mi."

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́?"

Mo fẹ àyà, mo ní, "Mo ń jókòó ni. Wọ́n ń tọ́jú mi dáadáa."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ó ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú yẹn ló ń jẹ yín lẹ́sẹ̀."

Inú bí mi! Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí! Ṣé kí wọ́n wá máa rán mi níṣẹ́ ni?" Kò bá mi jà. Ó fi ọwọ́ mi lé itan mi, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ó ní ẹran itan ló ń bá orúnkún gbé ẹrù. Bí mo ṣe jókòó láti ọjọ́ yìí wá, ẹran náà ti rọ, gbogbo ẹrù ti bọ́ sórí eegun tó ti jẹ. Ó ní kí n máa dìde fúnra mi, kí n máa bu omi mi, kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀ nílẹ̀ tó tẹ́jú. Ó kọ́ mi bí màá ṣe jókòó sórí àga gíga, kí n na ẹsẹ̀ kan síwájú, kí n dì í mú gbọin-gbọin, kí n rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gba ọ̀pá tí mo fi ń rìn lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún tó ń dùn mí jù, ó gbé e sí ọwọ́ òsì. Àṣé mo ti ń gbé ọ̀pá sódì látọjọ́ yìí! Ó wá kan iyán. Ó ní kí n dín iyán kù. Ìjẹ̀ṣà ni mí o, ẹ̀yin ará! Mo ní kí ó kúkú gé ẹsẹ̀ náà.

Ohun tó le jù ni bí mo ṣe máa sọ ọ́ nílé. Nígbà tí mo sọ fún Tọ́lá pé kó má gbé nǹkan fún mi mọ́, ó kúnlẹ̀ toyún-toyún, ó bú sẹ́kún. "Mọ́mì, kí ni mo ṣe fún yín? Kí làwọn èèyàn máa sọ? Wọ́n á ní torí pé ìyá mi kú, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá." Káyọ̀dé gan-an faraya, ó ní òun ò lè jókòó lórí àga kí ìyá òun máa gbé àwo kọjá níwájú òun. Mo ní kí ó bá mi lọ sí Jẹ́ríkò lọ́jọ́ kejì. Físíò yẹn ṣàlàyé fún un. Nígbà tí ó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n gbà.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò dùn o! Láti orí àga dé kíṣìnnì, ṣe ló dà bíi pé mò ń rìn lọ sí Mọ́níyà. Mo ń làágùn, mo ń gbàdúrà, mo ń sinmi, mo tún ń dìde.

Lọ́jọ́ kan, Àlàájà tó ni ilé ẹ̀gbẹ́ wa wọlé. Ọmọ bíbí Ìbàdàn ni, ẹni rere ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ní géètì. Ó bá Tọ́lá lórí àga, tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sókè. Ó bá èmi lẹ́nu ìfọ-àwo. "Áà! Súbúhánálláhì! Ìyàwó jókòó, ìyá ọkọ ń fọ àwo! Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe nílé yín ni, Tọ́lá? Ẹ ti sọ ìyá dọmọ ọ̀dọ̀!" Tọ́lá fẹ́ dìde, mo fojú sọ fún un pé kó jókòó. Kí n tó nu ọwọ́ mi kí n ṣàlàyé, Àlàájà ti bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ yẹn gba àdúgbò kan. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó ti dé inú ìjọ yìí. Ẹ má wolẹ̀! Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa Tọ́lá. Mo ti dárí jì yín, ẹ bá mi ṣe àmín tó ròkè.

Tọ́lá ń lọ sí ọjà Bódìjà, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gbé e mì. Èmi ni ó ń dùn. Mo wá ní kí n kúkú padà sí àga mi, kí ọmọ ọlọ́mọ lè ní ìsinmi. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, orúnkún ń ro mí bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó sínú rẹ̀. Mo pe Tọ́lá, mo ní, "Ìyàwó mi, ó tó gẹ́ẹ́. Gbé omi wá fún mi."

Ó jáde wá láti kíṣìnnì. Ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, kò gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ forí jì mí. Ẹ bọ̀ wá gbà á. Kí ayé sọ ohun tó bá wù wọ́n. Mi ò ní ìyá mìíràn tó máa wẹ ọmọ mi."

Háà! Ẹ̀yin ará! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àṣé ọmọ yìí rántí. Àṣé láti ìgbà tí gbogbo ayé ti ń bú u, ohun tó ń dì mú nìyẹn. Mo sunkún, òun náà sunkún, mo di àga mú, mo dìde. Mo rìn lọ gba ife omi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mu omi tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó fi ọmọ gidi ta mí lọ́rẹ!

Láti ọjọ́ náà, mi ò wẹ̀yìn mọ́. Mo rìn dé géètì. Mo rìn dé ìkóríta. Ara ń fúyẹ́, aṣọ ń tú lára mi. Lọ́jọ́ kan mo fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ bá Àlàájà nílé rẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó lanu, ó ní, "Tèmi náà ń dùn mí, mo kàn ń ṣe ọkàn akin ni." Ó dìde, ó wọ bàtà, ó bá mi lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Tọ́lá. Ní báyìí, èmi àti òun la jọ ń rìn láràárọ̀. Òun ló máa ń sọ̀rọ̀ jù, ẹsẹ̀ ò sì jẹ́ kí n lè sá fún un!

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní kí n dìde lórí àga. Mo dìde láì fọwọ́ ti nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti jìnnà sí wa báyìí. Ẹ máa bá a lọ. Tí ẹ bá dá a dúró, ìrora á padà wá." Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Kì í ṣe orúnkún tuntun ni wọ́n fún mi. Ọlọ́run gbé agbára yí èyí tó ti gbó ká ni.

Tọ́lá sì bí láyọ̀! Ọmọbìnrin! Ìyá wà láàyè, ọmọ wà láàyè! Ẹ bá mi pariwo!

Lọ́jọ́ ìwẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ilé pé lé mi lórí. Físíò ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má jókòó sórí àpótí, ó ti kéré jù fún orúnkún mi. Àlàájà ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ lórí àga. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo jókòó sórí àga tó ga, mo fa àpótí náà wá síwájú, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì lé e. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo tẹ́ ọmọ Tọ́lá sórí rẹ̀. Mo wẹ̀ ẹ́. Mo fi omi tẹ̀ ẹ́, mo nà án lápá, mo nà án lẹ́sẹ̀, ó ń ké, mò ń kì í. Nígbà tí mo parí, mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, mo gbé ọmọ mọ́ àyà, mo dìde. Èmi nìkan! Ẹnikẹ́ni ò fà mí, ẹnikẹ́ni ò tì mí, orúnkún mi ò yẹ̀! Mo rìn lọ bá ìyá rẹ̀, mo gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Tọ́lá kàn ń pè mí ní "Ìyá mi, ìyá mi." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, Mọ́mì ló máa ń pè mí.

Mo dúpẹ́, Olúwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tí kò kánjú gbé ọ̀bẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ físíò tó bá mi wí. Káyọ̀dé, mo dúpẹ́. Tọ́lá, Ọlọ́run tó mọ ohun tí o gbé mì nítorí mi, á fi ayọ̀ rọ́pò rẹ̀ fún ọ.

Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn níbí, mo mọ̀ yín, mo ń rí i bí ẹ ṣe ń di àga iwájú mú kí ẹ tó dìde. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ lọ rí dókítà. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ ló kàn yín, ẹ má sá, Ọlọ́run wà níbẹ̀ náà. Tí wọ́n bá ní kí ẹ rìn, ẹ rìn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, tí ìyá yín bá fẹ́ dìde, ẹ jẹ́ kí ó dìde, ẹ kàn dúró tì í ni. Láàárọ̀ yìí náà, orúnkún mi kí mi. Mo kí i padà, mo sì gbéra.

Pásítọ̀, tí ẹ bá rí i pé mo yọ́ jáde kí ìsìn tó parí, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ti gbé omi kaná ní Bódìjà. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò tíì wẹ̀ lónìí, èmi ló sì ń retí.